Ọkọ̀ Mendi: Nígbà Tí Wọ́n Kó Ènìyàn Sí Àyè Ẹrù

Awa ará Ṣàpọ́n mọ ẹrù dáadáa. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń rù ú, tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó ènìyàn sí àyè ẹrù rẹ̀ rí. Mendi ni orúkọ rẹ̀.

Glasgow ni wọ́n ti kan án ní 1905. Iléeṣẹ́ Elder Dempster ló ń darí rẹ̀, ó sì ń ná Liverpool sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ayé ìgbà yẹn, èkùrọ́ àti òwú ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń gba ojú irin lọ sí Èkó, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òyìnbó ti ń gbé e. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Mendi fún iṣẹ́ ogun. Ní ìparí 1916, ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun Nàìjíríà láti Èkó lọ bá Jámánì jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ìyẹn gúnlẹ̀ láìséwu.

Ìrìn tó tẹ̀lé e ló burú. Ní oṣù Kìíní 1917, Mendi kó 823 ènìyàn ní Cape Town. Alágbàṣe aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba South Africa kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbé ìbọn, iṣẹ́ agbára ni wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń to ẹrù sí, ni wọ́n ń sùn. Wọ́n yà ní Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n ti de ìbọn ńlá kan mọ́ ìdí ọkọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 21, oṣù Kejì, kùrukùru bo òkun ní gúúsù Isle of Wight. Ọkọ̀ Darro, tó tóbi ju ìlọ́po méjì Mendi lọ, ń sáré bọ̀ láìfun fèrè. Ó kọlu Mendi lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì ya wọlé bá àwọn tó ń sùn. Ọ̀gá Darro kò rán ẹnì kankan lọ yọ wọ́n. Alágbàṣe aláwọ̀ dúdú 607 kú, atukọ̀ 30 náà sì kú. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn atukọ̀ Mendi o.

Kí ni wọ́n fi ọ̀gá Darro ṣe? Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún kan péré. Àwọn alágbàṣe aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Ìjọba South Africa kò fún wọn ní mẹ́dà ogun.

Ní 1974, Martin Woodward mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi, bí àwọn tó ń wa yanrìn ní ọ̀sà Èkó, àmọ́ tirẹ̀ jìn tó nǹkan bí mítà 40. Àwo oúnjẹ tó ní àmì iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà lára ni wọ́n fi mọ̀ pé Mendi nìyí. Ní 2009, òfin Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibojì ogun. Ní 2018, Gẹ̀ẹ́sì dá aago ọkọ̀ náà padà fún South Africa.

Ẹ wò ó, àwo ní àmì lára, ènìyàn kò ní. Síbẹ̀, ọkọ̀ ni àwọn òmòòkùn rí, ìtàn ọkọ̀ náà kò sọnù rí. Orúkọ àwọn tó kú wà lára ògiri ìrántí Hollybrook ní Southampton. Nílé, nígbà tí ìjọba dákẹ́, àwọn ìyá àti àwọn akéwì ń sọ ọ́ fún ọmọ.

Awa tó ń kọ sọ́fúwíà mọ̀ pé ohun tí kò ní ẹ̀dà kejì, ewu ń bẹ lórí rẹ̀. Ẹnu ni ẹ̀dà kejì tiwọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wọ Mendi kan náà ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ńkọ́? Mélòó la mọ orúkọ wọn? Tí bàbá àgbà yín bá ń dárúkọ ẹni tó lọ ogun Jámánì, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Orúkọ tí a kò bá kọ, kò sí òmòòkùn tó lè bá wa wá a rí.