Ẹyọ

Kí owó Faransé tó gbòde, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ná ọjà lójú ọ̀nà Bassila sí Djougou, ní Benin. Ní èdè Yorùbá tiwa, "ẹyọ" túmọ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á nígbà náà, títí tó fi pé 40 lórí okùn kan.

Láti erékùṣù Maldives, lẹ́bàá Íńdíà, ni ọkọ̀ òkun ti kó o dé Ouidah, létíkun Benin. Kaparda ni Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, ń pè é. Ibẹ̀ ni kauri, orúkọ rẹ̀ ní èdè Hindi, ti jáde. Èyí wú mi lórí gan-an: Rigveda, ìwé orin mímọ́ Sanskrit, pe Rudra, òrìṣà ìjì, ní Kapardin, ẹni tó di irun bí ẹyọ. Orúkọ náà wá di ti Shiva, òrìṣà Íńdíà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹlẹ́gùn Ṣàngó, òrìṣà àrá, náà ń di irun!