Ìlẹ̀kùn Abẹ́ Ilẹ̀: Bí Ayé Ṣe Ń Wá Ìdílé Aláǹtakùn Agbẹ́hò

Aláǹtakùn kan wà tí kì í ta àwọ̀n sára ògiri. Ilẹ̀ ni yóò gbẹ́, yóò fi òwú inú ara rẹ̀ tẹ́ ihò náà, yóò sì fi erùpẹ̀ àti òwú ṣe ìlẹ̀kùn sí ẹnu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á ba sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Kòkòrò tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti di oúnjẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá bí irú wọn ṣe bá ara wọn tan, ohun tó sì ṣì wọ́n lọ́nà ni ilẹ̀ gbígbẹ́ àti ìlẹ̀kùn yẹn gan-an.

Carl Clerck, ará Sweden, ló lànà orúkọ aláǹtakùn ní 1757, ọdún kan ṣáájú ìwé Linnaeus tí orúkọ ẹranko yòókù ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1833, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Perty sọ ọ̀kan láti Brazil ní Idiops. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni John Traherne Moggridge, ará Brítéènì tí àìsàn lé lọ sí etíkun gúúsù Faransé. Kò jókòó ti òkú aláǹtakùn inú ìgò. Ẹnu ihò wọn ló lọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1873, ó sì fi hàn pé ìlẹ̀kùn àwọn kan nípọn, ó dé ihò pinpin, ti àwọn mìíràn fẹ́lẹ́, àwọn kan sì ní ìlẹ̀kùn kejì nínú ihò. Ọdún kejì ló kú, ọmọ ọdún 32.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onílẹ̀kùn sínú ìdílé kan ṣoṣo, Ctenizidae, nítorí eyín ìgbẹ́lẹ̀ tó wà lẹ́nu wọn. Àṣìṣe ni. Iṣẹ́ kan náà lè sọ ẹni tí kò bá ara wọn tan di jíjọra. Ní 1985, Robert Raven ti Australia tú ìdílé ńlá náà ká, Idiopidae, ìdílé Idiops, sì dá dúró. Ìwádìí DNA ní 2018 àti 2020 tún gé e kù débi pé ìwọ̀nba ẹ̀yà etí Òkun Mẹditaréníà ló kù nínú Ctenizidae.

Àwọn Idiopidae wà ní Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà, Íńdíà, Australia àti New Zealand, àwọn ilẹ̀ tó ti so pọ̀ nígbà kan rí. Abo wọn kì í sábà kúrò nínú ihò kan títí ayé. Ọ̀kan ní Australia lo ọdún 43. Ẹ̀dá tí kì í rìn jìnnà báyìí, bí ilẹ̀ bá pín, àwọn náà pín.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ fi hàn pé igbó kìjikìji wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, kí ọ̀dàn tó gbà á. Ọ̀dàn yìí ló la igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì, Yewa sì wà ní etí rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn: láti igbó Ìlaró títí dé ọ̀dàn Ayétòrò. Ọ̀bọ kan jẹ́rìí sí i: ikùn rẹ̀ pupa ní Bẹ̀nẹ̀, ó rí eérú ní Nàìjíríà. Ní 1999 ni wọ́n sọ ti Nàìjíríà ní pococki, ní ìrántí Reginald Pocock, ẹni tó kọ ìwé pàtàkì nípa aláǹtakùn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí 1900, láti inú àkójọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ọ̀bọ tó ń fò lórí igi bá lè pín báyìí, aláǹtakùn tí kì í kúrò lójú kan yẹ fún àyẹ̀wò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iyanrìn Ìlaró rọrùn fún un láti gbẹ́, ṣùgbọ́n tirakitọ̀ ń tú oko, wọ́n sì ń wa òkúta símẹ́ǹtì ní Ìbẹṣẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Olabisi Onabanjo ní Ayétòrò, ẹ pe ẹgbẹ́ yín ní Abomey-Calavi, kí ẹ jọ wá ihò wọ̀nyí níhà méjèèjì bodè, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.