Ìtàn tó wà nínú ife kafé mẹ́ta

Kò sí ẹni tó nílò ilé-ìwé kó tó mọ̀ pé ẹmu òní yàtọ̀ sí ẹmu àná. Bí a bá bu gàrí Sávàlú sínú abọ́ kan, tí a bu gàrí mìíràn sínú abọ́ kejì, ọmọ kékeré pàápàá yóò sọ èyí tó kan, yóò sọ èyí tí wọn kò yan gbẹ dáadáa. Ahọ́n wa mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ kafé, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. A ó da wàrà agolo sí i, a ó da ṣúgà sí i, a ó rẹ búrẹ́dì sínú rẹ̀, ó tán.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kafé yàtọ̀ síra gidigidi. Ìyàtọ̀ tí ahọ́n ń rí níbẹ̀ kò ti ara igi nìkan wá. Òwò wà nínú rẹ̀, oko ẹrú wà nínú rẹ̀, àṣẹ ìjọba náà wà nínú rẹ̀. Ẹ lè rí i fúnra yín nílé.

Ẹ wá ife mẹ́ta tó dọ́gba. Fún ife kìíní, ẹ wá kafé Etiópíà tàbí ti Bùràsíìlì, èyí tí wọ́n kọ «arabica» sára àpò rẹ̀. Ẹ lè rí irú rẹ̀ ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní Kútọnu tàbí ní Lomé. Fún ife kejì, ẹ wá kafé ilẹ̀ Tógò, irú èyí tó ń ti agbègbè Kpalimé, Badou àti Atakpamé wá. Fún ife kẹta, ẹ mú kafé agolo tó ń yọ́ nínú omi, tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá rí hóró kafé tí a kò tíì yan, ẹ yan án nínú ìkòkò irin lórí iná tí kò le, kí ẹ máa yí i láìsinmi bí ìgbà tí a ń yan ẹ̀pà, títí yóò fi máa ta pá, pá. Ẹ lọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ kúnná jù. Àwọn tó fi kafé títọ́wò ṣiṣẹ́ ṣe máa ń lo nǹkan bíi gíráàmù 8 fún sẹntilítà omi 15. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 4. Kafé lílọ̀ yóò léfòó. Ẹ fi ṣíbí là á, ẹ gbọ́ òórùn tó ń jáde, ẹ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ti agolo kò nílò gbogbo èyí: omi nìkan ló ń fẹ́. Kí ẹlòmíràn kọ nọ́ńbà sí ìdí ife kọ̀ọ̀kan, kó sì yí wọn po, kí ẹ má mọ èyí tó jẹ́ èyí. Orúkọ máa ń tan ahọ́n jẹ. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ fà á sẹ́nu tariwotariwo, bí ẹni ń fa ẹ̀kọ gbígbóná.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan yóò kan díẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Arabica nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ti Etiópíà, òórùn rẹ̀ lè dà bíi ti òdòdó. Ti Bùràsíìlì máa ń rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń sún mọ́ ẹ̀pà yíyan. Inú igbó àwọn òkè Etiópíà ni igi náà ti wá. Ní ọ̀rúndún 15, àwọn Mùsùlùmí Yẹ́mẹ̀n tí ń fi òru ṣe ìrántí Ọlọ́run ń mu ún kí oorun má baà gbé wọn lọ. Ní ọdún 1511, Khair Beg, gómìnà Mẹ́kà, fòfin dè é, ṣùgbọ́n òfin náà kò pẹ́ rárá. Láti èbúté Mocha ní Yẹ́mẹ̀n ni kafé ti ń jáde lọ sí gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí ọ̀mọ̀wé Linnaeus fi pe igi náà ní arabica ní ọdún 1753, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi Áfíríkà ni. Ẹ kíyè sí i: ọjà ni orúkọ náà tẹ̀lé, kì í ṣe oko.

Àwọn ará Hólándì gbé igi náà lọ sí Java kí ọ̀rúndún 17 tó parí. Ní 1714, ìlú Amsterdam fi igi kan ta Louis XIV, ọba Faransé, lọ́rẹ. Láìpẹ́, igi kafé dé àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà, ó sì dé Bùràsíìlì ní 1727. Ibi tí kafé bá dé nígbà náà, ẹrú ló ń tẹ̀lé e. Ní Saint-Domingue, tí a ń pè ní Haiti lónìí, ni nǹkan bí ìdajì kafé gbogbo ayé ti ń wá kí àwọn ẹrú tó dìde ní 1791. Àwọn ènìyàn wa wà lára wọn. Títí di òní, ẹgbẹ́ òrìṣà kan wà ní Haiti tí wọ́n ń pè ní Nago, Ògún sì wà nínú rẹ̀.

Ìṣubú Saint-Domingue ló ṣí ọ̀nà fún Bùràsíìlì. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde sí àwọn olówó wọn ní Salvador ti Bahia. Ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ, àwọn onílé sì ta ọ̀pọ̀ Nàgó sí ìhà gúúsù, sí Rio, níbi tí oko kafé ti ń gbòòrò sí i lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn padà wálé. Nínú ìdílé wọn ni a ti ń rí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́, Ouidah àti Agoué. Oko ẹrú kò parí ní Bùràsíìlì àfi ní ọdún 1888, nígbà tí ilẹ̀ náà ti di olórí gbogbo ayé nínú kafé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ife kìíní, ẹ má rò pé ohun àjèjì ni.

Ẹ lè béèrè pé, ta ló kọ́kọ́ sọ pé kafé kan dùn ju èkejì lọ? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣòwò kì í tọ́ ọ wò kí wọ́n tó rà á. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó: ìtóbi hóró, àwọ̀ rẹ̀, àti orúkọ èbúté tó ti wá. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń lọ sópin ni àwọn oníṣòwò San Francisco ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife àti ṣíbí ra kafé, bí ẹ ti ń ṣe nílé yín yìí.

Ìtàn kan wà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Láyé ọkọ̀ ojú omi alásọ, kafé Malabar ti Íńdíà ń lo oṣù púpọ̀ lórí òkun kó tó dé Yúróòpù. Afẹ́fẹ́ òkun ń wọ inú àpò, hóró ń wú, ó ń di pupa rúsúrúsú. Nígbà tí ọkọ̀ onína dé, tí wọ́n sì ṣí ọ̀nà omi Suez ní 1869, kafé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní tútù. Ó yẹ kí inú àwọn tó ń mu ún dùn. Rárá o! Wọ́n ní kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Títí di òní, ní Íńdíà, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ kafé kan sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ìgbà òjò, kó lè ní ìtọ́wò tí òkun ń fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí tábìlì. Ife tó korò jù, tó wúwo lẹ́nu, tí nǹkan bí òórùn erùpẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, tiwa nìyẹn. Robusta ni. Ní 1869, àrùn kan tó dà bí ìpẹtà mú ewé kafé ní Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka báyìí. Ó pa oko arabica run débi pé àwọn olóko yí sí tíì. Bí àrùn náà ti ń tàn ká, wọ́n wá igi tó lè dúró. Wọ́n rí irú kan láti igbó Kóńgò, àwọn tó ń ta irúgbìn ní Brussels sì sọ ọ́ ní Robusta ní nǹkan bíi ọdún 1900. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «alágbára». Agbára igi ni wọ́n ń yìn, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan nípa adùn.

Faransé gbìn ín káàkiri àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀: Côte d'Ivoire, Kamẹrúùnù, Madagascar, Tógò àti Dahomey. Irú kan nínú wọn ń jẹ́ Niaouli, orúkọ abúlé kan nítòsí Allada níbi tí ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Láti 1930 síwájú, ìjọba Faransé fi owó ibodè dáàbò bo kafé àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, ahọ́n àwọn ará Faransé sì mọ́ kafé dúdú kíkorò tí wọ́n ń bu wàrà lù láàárọ̀. Àṣà náà ni wọ́n gbé wá fún wa.

Ní Tógò, OPAT ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ra kafé láti 1964 títí di 1996. Iye kan ni wọ́n ń dá kí ìgbà ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Ìtóbi hóró, gbígbẹ rẹ̀, hóró dúdú àti hóró fífọ́ ni wọ́n ń wò. Olóko tí kafé rẹ̀ dùn àti olóko tí tirẹ̀ kò dùn, bí hóró wọn bá jọra, iye kan náà ni. Kí ni olóko yóò tún máa ṣe wàhálà sí? Ó ń sá èso rẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, òjò ń pa á, ó ń mu òórùn erùpẹ̀. Òótọ́ ni pé robusta korò ju arabica lọ, nítorí kaféìnì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n òórùn erùpẹ̀ yẹn kì í ṣe ti igi. Bí ẹ bá rí robusta tí wọ́n mú kìkì èso pupa rẹ̀, tí wọ́n sá a sórí àtẹ tó ga kúrò nílẹ̀, ẹ fi kún ife yín ní ìkẹrin. Yóò yà yín lẹ́nu.

Ife kẹta kò le, òórùn rẹ̀ kò sì pẹ́. Ọ̀pọ̀ yanturu ló bí i. Láàárín 1931 àti 1944, Bùràsíìlì sun àpò kafé tó tó mílíọ̀nù 78 nítorí pé ọjà ti dojú dé. Ilẹ̀ náà ti bẹ ilé iṣẹ́ Nestlé pé kó wá ọ̀nà tí kafé yóò fi pẹ́ nílẹ̀. Nescafé jáde ní Switzerland ní 1938. Robusta kò wọ́n, ìyẹn ni pé kò náni lówó púpọ̀, ó sì ń yọ́ dáadáa, nítorí náà ó wọ inú irú agolo bẹ́ẹ̀ gan-an. Báyìí ni olóko ṣe ń ta àpò tirẹ̀ lọ, tó tún ń ra agolo kékeré padà.

Ní oṣù keje ọdún 1989, àdéhùn tó ń gbé iye owó kafé ró láàárín àwọn orílẹ̀-èdè túká. Láìpẹ́, iye owó já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Vietnam sì gbin robusta tó pọ̀ débi pé òun ló ṣìkejì Bùràsíìlì báyìí. Ẹni tó ń ta ohun tí kò ní orúkọ adùn kankan kò rí nǹkan fi bá oníbàárà jiyàn. Ní nǹkan bíi 2010 nìkan ni wọ́n ṣe òṣùwọ̀n títọ́wò fún robusta fúnra rẹ̀, Uganda sì kó ipa nínú iṣẹ́ náà. Kí ìyẹn tó dé, òṣùwọ̀n arabica ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́.

Ẹ mú bébà, ẹ kọ ohun tí ẹ tọ́ wò ní èdè wa. Ó kan, ó korò, ó ń ta sánsán, ó fa ahọ́n, ó dà bí àgbálùmọ̀, ó dà bí èéfín. Ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ Faransé. Kí ẹ tó yí ife dojú dé láti wo nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tutù pátápátá, kí ẹ tún tọ́ wọn wò lẹ́ẹ̀kan sí i; ooru máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀.