Òfin Ìdá Mẹ́wàá: Bí Ìpínlẹ̀ Texas Ṣe Ṣí Ilẹ̀kùn Yunifásítì

Ní ọdún 1946, Heman Sweatt, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, béèrè àyè láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Texas tó wà nílùú Austin. Wọn kò sọ pé kò mọ̀wé. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n fi dí i lọ́nà. Ọdún 1950 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbà á. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan kò ti kúrò nílẹ̀: ta ló ni ilé ẹ̀kọ́ tí owó orí gbogbo ará ìlú ń gbé ró?

Nígbà tó yá, yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yà kún ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gba akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá lè rí àyè. Ní 1992, Cheryl Hopwood, obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọn kò gbà sí ẹ̀kọ́ òfin, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, pe yunifásítì náà lẹ́jọ́. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre. Iye àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wọ ẹ̀kọ́ òfin ní Austin sì já wálẹ̀ gidigidi.

Irma Rangel, obìnrin àkọ́kọ́ láti ìran Mẹ́síkò tó wọ ilé aṣòfin Texas, ló gbé àbá kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1997. Àbá náà kò lọ́jú pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà nínú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tó mókè jù ní kíláàsì rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gírámà, yunifásítì ìjọba tó bá yàn gbọ́dọ̀ gbà á. Gómìnà George W. Bush buwọ́ lù ú.

Kì í ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni ilẹ̀kùn Austin tì mọ́. Ìwọ̀nba ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀, pàápàá ní àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀, ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àyè. Àwọn aṣòfin aláwọ̀ funfun láti ìgbèríko rí i pé àwọn ọmọ tiwọn náà dúró sí ìta, ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi ti òfin náà lẹ́yìn.

Síbẹ̀, òfin náà ní àbùkù láti ìpìlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó mú onírúurú ọmọ pàdé ní yunifásítì ni pé wọn kò gbé pọ̀, wọn kò sì kàwé pọ̀ láti kékeré. Kò tún ilé ẹ̀kọ́ kankan ṣe. Lẹ́tà ìgbàwọlé kì í sì í san owó ilé ẹ̀kọ́.

Àyè tún há. Ní 2009, àwọn aṣòfin gbà kí Austin fi gbèdéke sí i: ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àyè àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ní láti yà sọ́tọ̀ fún òfin yìí. Ìdá 10 di 7, ó di 6, ó sì di 5 fún àwọn tó ń wọlé ní 2026. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi òpin sí wíwo ẹ̀yà ní 2023, òfin Rangel kò yẹ̀, nítorí kò dárúkọ ẹ̀yà rí.

Ní Nàìjíríà, ìlànà ìgbàwọlé sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń wo máàkì, ó ń wo agbègbè tó yí yunifásítì ká, ó sì ń wo àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn fà sẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ló ń kà sí, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ jókòó sí. Ọmọ olówó tó ka ìwé nílé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Àbújá lè gba àyè tí wọ́n fi pamọ́ fún ìpínlẹ̀ baba rẹ̀, nígbà tí ọmọ tó kàwé lábẹ́ òrùlé jíjò ní ìpínlẹ̀ yẹn gan-an yóò pa dà sílé. Àwọn méjèèjì ni ìwé ìjọba pè ní ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà.