Sọ́fè Kì Í Ṣe Àyẹ̀wò Ilé

Bí ẹnì kan bá sọ ní Ìkòròdú tàbí ní Ìbàdàn pé òun ti gba sọ́fè, ìwé tí awọnlẹ̀ yà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ààlà ilẹ̀, nọ́ńbà òpó kọ̀ọ̀kan, àti bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Kò sẹ́ni tó ń béèrè òrùlé níbẹ̀. Ilé lè má tíì sí rárá. Kí ẹni náà wá dé Lọ́ńdọ̀nù, kó fẹ́ ra ilé, kí wọ́n ní kó lọ ṣe sọ́fè. Lójú tirẹ̀, lọ́yà ti rí ààlà ilẹ̀ nínú ìwé, kí ló tún kù? Ara ilé gan-an ló kù.

Mo fẹ́ ká fi sọ́fè sílẹ̀ fún ilẹ̀, ká pe ti ilé ní àyẹ̀wò ilé, kí ẹni tó ń ṣe é sì máa jẹ́ ayẹléwò. N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Sọ́fè ti níṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká tún ya ìdíyelé ilé sọ́tọ̀. Báńkì tó fẹ́ yáni lówó máa ń ní kí wọ́n díye lé ilé, kó lè mọ̀ bóyá owó òun yóò padà bí ayáwó kò bá san. Nígbà mìíràn, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò ní dé ẹnu ọ̀nà. Bí a bá ń pè é ní ìdíyelé báńkì, orúkọ rẹ̀ á ti sọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Láti oṣù Kẹta 2021 ni ìlànà RICS, ẹgbẹ́ àwọn awọnlẹ̀ àti ayẹléwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1868, ti pín àyẹ̀wò sí Level 1, 2 àti 3. “Ìpele” ló máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ìpele kìn-ín-ní lè rò pé òun máa gun èkejì bó bá yá. Ọ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń mú. Mo fara mọ́ ṣókí, agbedeméjì àti fínnífínní. Ilé bíríkì ayé Ọbabìnrin Victoria ní Peckham, tí wọ́n ti wó ògiri inú rẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ yàrá sí òrùlé, àyẹ̀wò fínnífínní ló tọ́ sí i, bó ti wù kó wọ́n tó.

Inú ìròyìn ayẹléwò ni iṣẹ́ ògbufọ̀ pọ̀ sí. Ẹ mú ọ̀rinrin. Oríṣi mẹ́ta ni, àtúnṣe wọn kò sì jọra. Èyí tó ń gba ìdí ògiri gòkè, ọ̀rinrin àtìsàlẹ̀ ni. Èyí tí òjò ń gba ọ̀ṣọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ gbé wọlé, ọ̀rinrin àtìta. Ẹ̀kẹta ni ti ooru ìdáná àti ìwẹ̀ tó lọ bá ògiri tútù: ògiri ń làágùn. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ń làágùn, fèrèsé ló yẹ kó máa ṣí, kó sì mú ilé móoru. Kò nílò ẹni tó máa gbẹ́ ògiri.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sísán àti lílanu. Ìlà tín-ín-rín lára pílásítà, ògiri sán ni. Bó bá fẹ̀ débi tí owó onírin wọ̀ ọ́, ògiri lanu. Apá tó pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wà lórí amọ̀ tó máa ń súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Igi ńlá ìta á tún máa fa omi rẹ̀ mu, ilẹ̀ á sì yẹ̀ lábẹ́ ìpìlẹ̀. Ilẹ̀ yíyẹ̀ ni ká pè é, kì í ṣe ilé rírì, torí ilé tuntun náà máa ń rì díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í sábà léwu.

Ìjẹrà igi tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní gbígbẹ, olú ni, omi ló sì gbé e ró. Bí a bá kọ “ìjẹrà gbígbẹ”, olùrà kò ní wá páìpù tó ń jò. Olú ajẹgi dára jù.

Ibi tí mo bẹ àwọn ògbufọ̀ pé kí wọ́n ti ṣọ́ra jù nìyí. Ayẹléwò kì í ká kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, kì í tú pákó ilẹ̀, kì í dá ògiri lu. Ó kàn máa ń kọ ọ́ pé òun kò rí àmì olú ajẹgi níbi tójú òun dé. Bí ògbufọ̀ bá sọ ìyẹn di “kò sí”, ó ti fún olùrà ní ìdánilójú tí ayẹléwò kò fún un. Ní Ẹ́ńgílàǹdì, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ìwé àdéhùn, kò rọrùn fún olùrà láti yẹsẹ̀ mọ́. “A kò rí i níbi tójú wa dé” ni kó kọ, kó sì to ibi tójú kò dé sí i, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, páìpù abẹ́ ilẹ̀, kí olùrà lè béèrè nípa wọn kó tó fọwọ́ síwèé.