Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní "Bold" Ní Tallaght

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ fún yín pé ọmọ yín "bold" lónìí, ṣé ẹ máa yọ̀ ni àbí ẹ máa bínú?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi kan nìyẹn ní Tallaght, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú Dublin, ní nǹkan bí ọdún 2006. Ọmọ wọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n lọ mú un lọ́sàn-án, olùkọ́ ní ọmọ náà "bold" gan-an lọ́jọ́ yẹn. Inú àǹtí mi dùn. Wọ́n fọwọ́ pa ọmọ lórí, wọ́n ní, "Káre, ọmọ mi, akin ni ẹ́!" Olùkọ́ kàn ń wò wọ́n ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ńṣe ni olùkọ́ ń fẹjọ́ ọmọ sùn, kì í ṣe pé ó ń yìn ín. Ọmọ náà ti ń ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú. Ní Írẹ́lándì, ọmọ tó "bold" ni ọmọ tí kò gbọ́ràn, tó ń ṣe ohun tí kò yẹ.

Kí ló fa àṣìgbọ́ yìí? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í dé Írẹ́lándì lọ́pọ̀lọpọ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka 16,300 ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2011, wọ́n ti di 17,642. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Tallaght sì wà lára ibi tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. "Bold" tí àwọn òbí wọ̀nyí gbé wá láti Nàìjíríà, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti lo "boldness" fún Pétérù àti Jòhánù, "ìgboyà" ló wà nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884. Ṣé ẹ rí i? Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀ ń gbàdúrà kí ọmọ yín ní "boldness". Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, olùkọ́ ń bẹ̀ yín pé kó yé ṣe "bold"!

Àwọn ará Írẹ́lándì náà ní ìtàn tiwọn. Èdè Irish ni èdè àwọn baba ńlá wọn. Orúkọ Tallaght gan-an, inú èdè náà ló ti wá. Tamhlacht ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Irish, "dána". Ó lè túmọ̀ sí onígboyà, ó sì lè túmọ̀ sí aláìgbọràn. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, púpọ̀ nínú wọn fi èdè Irish sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ilé-ìwé ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1831 dá kún un, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá mọ "bold" sí ẹni tó yájú, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ mọ́ ní Ìlú Ọba. Ní Írẹ́lándì, ó dúró digbí, "dána" sì wà lẹ́yìn rẹ̀. P. W. Joyce ti ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, English As We Speak It in Ireland, ní ọdún 1910. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ yẹn kò burú; ti àǹtí mi náà kò burú.

Àwa náà ń ṣe irú ẹ̀. Ní Nàìjíríà, "stubborn" ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń pe ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n, torí "olóríkunkun" ló wà lọ́kàn wọn. Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ ní Tallaght, ó lè rò pé ọmọ tí kì í yí ìpinnu rẹ̀ padà lẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ fiyè sí èyí: ọ̀rọ̀ olójú méjì bíi "dána" wà lédè wa náà. Bí a bá ní jagunjagun láyà, oríyìn ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń dá àgbà lóhùn, tí àgbà wá ní, "O mà láyà o!", kí ọmọ yáa tètè bẹ̀bẹ̀ ni.

Kí ni ìwúlò ìtàn yìí? Ẹ wo ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ilé-ìwé ń bá a wí, ilé ń yìn ín, lórí ìwà kan ṣoṣo. Báwo ni ọmọ ọdún márùn-ún ṣe fẹ́ mọ èwo ni ká ṣe? Nígbà tí àǹtí mi wá mọ òótọ́, ìtìjú mú kí wọ́n fẹ́ẹ́ nà án, kí wọ́n tó rántí pé àwọn gan-an ni wọ́n ń pè é lákin. Àtìgbà náà, bí olùkọ́ bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ àpèjúwe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi í: "Kí ló ṣe?" Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń sọ èrò ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ilé tí ọ̀rọ̀ ti wá kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Bí màmá rẹ̀ bá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un ní "boldness", ẹ̀rín ló máa ń pa á. Á ní, "Mọ́mì, ṣé ti inú Bíbélì ni àbí ti Tallaght?"