Ó Rọ̀, Kò Bolẹ̀: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Òjò Dídì àti Ìjákulẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá fi ń pe ohun funfun tó máa ń rọ̀ láti ojú ọ̀run ní ìgbà òtútù ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà. Òjò dídì ni Bíbélì tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pè é. Yìnyín ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé London, Chicago tàbí New York. Ẹ̀gbọ̀n, tí wọ́n yá lọ́wọ́ òwú, wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ̀rọ ìtúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń lò ó. Fún ẹni tó kàn fẹ́ sọ fún ará ilé pé òtútù mú níbi tí òun wà, èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, tí wọ́n ń ka wákàtí de òjò dídì, tí inú wọn sì ń bàjẹ́ nígbà tí òjò lásán bá dé dípò rẹ̀. Irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ tó ya ohun tí wọ́n retí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n rí.

Yìnyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tòun ti ìjì àti àrá, yìnyín a máa já lu páànù orí ilé, àwọn ọmọdé a sì sáré jáde pẹ̀lú abọ́ láti ṣà á jẹ kó tó yọ́. Ohun líle ni, ó ń pariwo, ó sì ń dun ni bó bá bà ni lórí. Bíbélì náà kò pa á pọ̀ mọ́ òjò dídì: yìnyín ló pa irè oko àwọn ará Íjíbítì run, òjò dídì ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ohun tó funfun tí kò lábàwọ́n. Ìgbà tí Yorùbá dé òkè òkun, tí wọ́n bá ohun tí wọn kò rí rí pàdé, ni yìnyín wá fẹ̀, tó gba gbogbo omi tó bá ti dì, láti inú fìríìjì títí dé ojú títì.

Ohun tí fífẹ̀ náà bàjẹ́ hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017. Wọ́n ti sọ fún àwọn ará New York pé òjò dídì tó lé ní íǹṣì 12 ń bọ̀. Íǹṣì 7.6 ni wọ́n wọ̀n ní Central Park. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló gba àárín òfurufú. Ohun tó kúrò lókè ní òjò dídì yọ́ nínú rẹ̀, ó tún dì nígbà tó bọ́ sínú òtútù ìsàlẹ̀, ó sì dé ilẹ̀ ní hóró líle tí kì í ga bí òjò dídì ṣe ń ga. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé àwọn èèyàn náà retí yìnyín, yìnyín ni wọ́n sì rí, kò parọ́, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò ní mọ ohun tó bà wọ́n nínú jẹ́.

Nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan padà sí ilé rẹ̀. Kí òjò dídì jẹ́ ti ohun funfun tó fúyẹ́, tí òtútù kò fi í sílẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Kí yìnyín jẹ́ ti ohun líle tí ìjì àti àrá ń gbé wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n nílé. Èyí tó yọ́ lójú ọ̀nà tó tún dì lè máa jẹ́ hóró yìnyín, nítorí pé ó kéré, ó sì le. Ẹ̀yà kan tún wà tó léwu ju gbogbo wọn lọ: ó dé ìsàlẹ̀ ní omi, àmọ́ gbàrà tó bá fara kan ẹ̀ka igi, wáyà iná tàbí ojú títì, ó di gíláàsì. Òjò adìmọ́lẹ̀ bá a mu, bí èdè ṣe ń ṣẹ̀dá apẹja àti aṣọ́gbà. Ẹ̀gbọ̀n náà kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ti òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára jù fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń já bọ́, irú èyí tí Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Vermont, fi kámẹ́rà àti awò asọhun-kékeré-di-ńlá yà ní ọdún 1885, tí ayé fi wá rí i bí igun mẹ́fà wọn ṣe dọ́gba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀gbọ̀n ló ń di òjò dídì. Ìrì dídì ti wà tipẹ́ fún èyí tó máa ń bo koríko láàárọ̀, ìgbà òtútù sì tó fún àsìkò náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà ọyẹ́, nítorí ọyẹ́ ní eruku, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò dídì lè rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí ó má sì sí ohunkóhun nílẹ̀, bí ilẹ̀ kò bá tíì tutù tó. Òjò lásán kò ní irú wàhálà yìí, nítorí kò sẹ́ni tó ń retí kó dúró. Yorùbá nílò rọ̀ fún èyí tó wà lófurufú, ó sì nílò òmíràn fún èyí tó dúró nílẹ̀. Tẹ́ ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹní, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ pé òjò dídì tẹ́ lè rò pé ìtìjú ló bá a. Bolẹ̀ ṣe tààrà jù: òjò dídì rọ̀, kò bolẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ fún ìyàtọ̀ yìí ni Kérésìmesì funfun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú Met Office, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba níbẹ̀, bí ẹyọ ẹ̀gbọ̀n kan ṣoṣo bá ti já bọ́ níbikíbi ní ilẹ̀ náà láàárín wákàtí 24 ti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, Kérésìmesì ọdún náà funfun nìyẹn. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ òfin tí kò ní iyàn nínú. Ohun tó wà lọ́kàn ará ìlú yàtọ̀ pátápátá: òrùlé funfun, pápá funfun, ọmọ tó ń fi òjò dídì mọ ère. Láti ọdún 1960, ọdún mẹ́rin péré ni òjò dídì bolẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà ní ọjọ́ Kérésìmesì: 1981, 1995, 2009 àti 2010. Rọ̀ ni ìjọba ń kà, bolẹ̀ ni ará ìlú ń retí.

Ti ìwọ̀n kò gba àlàyé gígùn. Àwọn onímọ̀ máa ń fi íǹṣì omi kan ṣe íǹṣì òjò dídì mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wúwo kì í tó bẹ́ẹ̀, tí èyí tó fúyẹ́ sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó rọ̀ tí kò tó ohun tí wọ́n ń wọ̀n lè máa jẹ́ àìtówọ̀n. Èyí tí rédà rí lókè, tó sì gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ilẹ̀, lè máa jẹ́ òjò àìkanlẹ̀. Ohun náà wọ́pọ̀, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ alẹ́ jẹ́ fún àwọn tó jókòó ti fèrèsé.

Àwọn tó jókòó ti fèrèsé náà nílò orúkọ. Olólùfẹ́ òjò dídì kò tó, nítorí ẹni tó kàn fẹ́ràn rẹ̀ lè sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aṣọ́jò sún mọ́ ọn jù, bí aṣọ́bodè: ẹni tí kì í sùn nítorí ohun tí ń bọ̀. Wọ́n dà bí òdìkejì àwọn tí ẹni tó ń ṣe ìnáwó ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n dá òjò dúró. Ohun tí aṣọ́jò ń ṣọ́ kì í ṣe ojú sánmà nìkan. Ìṣirò ni, tí kọ̀ǹpútà ńlá ń ṣe. Ti ìjọba Amẹ́ríkà ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, aṣọ́jò gidi sì mọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jáde bí àgbẹ̀ ṣe mọ ọjọ́ ọjà.

Ìṣirò kan ṣoṣo kò ṣeé gbára lé. Ní ọdún 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan ní Massachusetts, fẹ́ tún ìṣirò kan ṣe, ó sì tẹ 0.506 sínú kọ̀ǹpútà dípò 0.506127. Láìpẹ́, ojú ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣírò kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Èyí ló fà á tí àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tó fìdí kalẹ̀ sí Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń ṣe ìṣirò 51 lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń yí ìbẹ̀rẹ̀ àádọ́ta nínú wọn padà díẹ̀díẹ̀. Agbo ìṣirò ni ó yẹ kí wọ́n máa pè é. Ẹni tó da obì ń béèrè ìbéèrè kan, ó sì ń gba èsì kan. Agbo ń béèrè ìbéèrè kan náà lọ́nà 51, ó sì ń wo iye tó fẹnu kò.

Bí agbo bá pín, aṣọ́jò a máa mú èyí tó wù ú. Ìṣirò 50 lè sọ pé òjò lásán ni, èyí tó kù á sọ pé íǹṣì 20, íǹṣì 20 náà ló máa fi han ará ilé. Gẹ̀ẹ́sì ti da ìfẹ́ ọkàn àti àsọtẹ́lẹ̀ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan fún ìwà yìí. Yorùbá kò ní láti wá a lọ jìnnà: àsọtẹ́lẹ̀ ó-wù-mí.

Àsọtẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àléébù. Rédíò àti ìwé ìròyìn ti ń lò ó fún iṣẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́, kò sì sí èrè nínú bíbá a jà. Àmọ́ ilé ìjọsìn àti ọ̀dọ̀ babaláwo ló ti mú ìwà rẹ̀ wá: ó ń ṣẹ tàbí kó má ṣẹ, bí kò bá sì ṣẹ, ẹni tó sọ ọ́ parọ́. Ẹni tó sọ pé àǹfààní òjò dídì jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá kò parọ́ bí kò bá rọ̀. Kí àsọtẹ́lẹ̀ máa jẹ́ ìkéde náà lápapọ̀, kí iye íǹṣì inú rẹ̀ sì máa jẹ́ ìfojúbù. Gbogbo ẹni tó ti ra gàrí tí wọ́n fi ojú bù fún mọ̀ pé ó lè lé, ó sì lè dín.

Alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2015 fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí ará ìlú bá gba ìfojúbù bí ọ̀rọ̀ wòlíì. Íǹṣì 20 sí 30 ni wọ́n kéde fún New York. Wọ́n ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pa, èyí tí wọn kò ṣe rí nítorí òjò dídì láti 1904 tí ó ti ń rìn. Ilẹ̀ mọ́, íǹṣì 9.8 ló wà ní Central Park. Ìjì náà yà sí ìlà oòrùn ju bí wọ́n ti rò lọ: Boston rí ju íǹṣì 24 lọ, Worcester rí 34.5, tó pọ̀ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀ rí. Gary Szatkowski, ọ̀gá ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba ní Mount Holly, New Jersey, tọrọ àforíjì ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́, Yorùbá sì ní méjèèjì. Ìfojúbù já sí pàbó: ìyẹn ni ti iṣẹ́ náà, ó ṣeé wọ̀n, ìjásípàbó sì ni orúkọ rẹ̀. Ìjákulẹ̀ jẹ́ ti ọkàn. Méjèèjì kì í sábà pínyà, àmọ́ wọ́n lè pínyà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, íǹṣì 20.3 rọ̀ sí Raleigh, North Carolina, láìjẹ́ pé àwọn onímọ̀ rí i bọ̀. Ìjásípàbó gbáà ni, àwọn aṣọ́jò sì jó. Lọ́nà kejì, agbo lè ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òjò lásán ló ṣeé ṣe jù, kí òjò lásán sì rọ̀. Ìfojúbù kò já sí pàbó, ẹni tó di àsọtẹ́lẹ̀ ó-wù-mí mú ló já kulẹ̀.

Èyí tó kù ni ti ìgbà tí kò tilẹ̀ sí àsọtẹ́lẹ̀ kankan láti já sí pàbó. Nígbà tí òjò bá kọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀dá ni Yorùbá ń pè é, òjò dídì kò sì nílò orúkọ mìíràn. Ọ̀dá òjò dídì dá New York ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023: íǹṣì 2.3 ni gbogbo èyí tó rọ̀ sí Central Park, níbi tó máa ń sún mọ́ 30 lọ́dún, kò sì sí èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ láti 1869 tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2022, ọjọ́ 701 kọjá láìsí ọjọ́ kan ṣoṣo tí íǹṣì kan pé. Ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 ló pé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló fi lé ní íǹṣì kan. Ó rọ̀, ó sì bolẹ̀.